Ọkọ̀ mẹ́fà péré lórí pápá: Ta ló ń ro ti òǹwòran?

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí ìdíje ọkọ̀ ìsáré Formula One ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní Indianapolis ti wáyé, lọ́jọ́ 19, oṣù kẹfà, ọdún 2005. Síbẹ̀, bí àwọn olólùfẹ́ eré náà bá ń ka àwọn ọjọ́ tí ojú tì wọ́n, ọjọ́ yìí kì í gbẹ́yìn. Ogún ọkọ̀ ló jáde sí pápá lọ́jọ́ náà, mẹ́fà péré ló sáré. Mẹ́rìnlá tó kù yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi gbáradì, wọ́n sì yà padà sí ibùdó wọn, ó parí. Bí 100,000 ènìyàn tó sanwó wọlé ló jókòó tí wọ́n ń wò ó bí ìran àlá.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìdíje náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ Ralf Schumacher, awakọ̀ ẹgbẹ́ Toyota, bẹ́ ní kọ́nà kẹtàlá, ọkọ̀ náà sì lọ fara sọ ògiri. Kọ́nà yìí kò rí bí àwọn yòókù. Ó dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, eré àsápajúdé ni ọkọ̀ sì ń bá kọjá níbẹ̀, èyí tó ń mú kí ìnira pọ̀ lórí táyà. Ilé iṣẹ́ Michelin ti ilẹ̀ Faransé, tó ṣe táyà fún ẹgbẹ́ méje nínú mẹ́wàá, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì rí i pé táyà àwọn kò lè gbà á. Wọ́n kó òmíràn wá láti Faransé, ìyẹn náà kò yàtọ̀. Òfin ọdún náà sì ni pé táyà kan náà ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ lò láti ìdánwò ipò títí ìdíje yóò fi parí.

Michelin sọ fún àjọ FIA, tó ń ṣàkóso eré ọkọ̀ lágbàáyé, pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀mí àwọn awakọ̀ bí wọn kò bá dẹ eré ní kọ́nà náà. Àbá tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fara mọ́ ni pé kí wọ́n gbé ìdènà sójú ọ̀nà ṣáájú kọ́nà kẹtàlá, kí eré lè rọlẹ̀. Ẹgbẹ́ Ferrari, tó ń lo táyà Bridgestone, kò sí nínú wọn. FIA náà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tí táyà wọn kò dára máa rọra wakọ̀ níbẹ̀, tàbí kí wọ́n máa gba ojú ọ̀nà ibùdó kọjá. Ibi tí ọ̀rọ̀ fìdí tì sí nìyẹn.

Ká má purọ́, kò sí ẹni tó lè dá àwọn awakọ̀ mẹ́rìnlá náà lẹ́bi. Ẹ̀mí kò láàrọ̀. Ní ọdún 1994 ní Imola, Roland Ratzenberger kú lọ́jọ́ Sátidé, Ayrton Senna sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bá rántí òpin ọ̀sẹ̀ yẹn kò ní í sọ pé kí awakọ̀ kankan fi táyà tí ẹni tó ṣe é kò fọkàn tán lọ dán ikú wò.

FIA pàápàá ní ẹjọ́ rò. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tó ń lo Bridgestone, ìyẹn Ferrari, Jordan àti Minardi, gbé táyà tó bá pápá mu wá. Bí ọmọ ilé ìwé kan kò bá kàwé, a kì í torí tirẹ̀ pààrọ̀ ìbéèrè fún gbogbo kíláàsì. Michelin ló jẹ̀bi táyà. Èyí hàn kedere.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀nà àbáyọ wà nílẹ̀. Lára ohun tí àwọn ẹgbẹ́ náà dá lábàá ni pé kí wọ́n gbé ìdènà náà síbẹ̀, kí gbogbo ọkọ̀ sáré, kí àwọn tó ń lo Michelin má sì gba àmì kankan. Bí wọ́n bá ṣe èyí, ẹni tó ṣẹ̀ yóò jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ẹni tó múra sílẹ̀ yóò jèrè ìmúra rẹ̀, òǹwòran yóò sì rí eré tó sanwó rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, kálukú di ẹ̀tọ́ tirẹ̀ mú gírígírí. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ibẹ̀ ló ń jìyà. Òǹwòran ni koríko ọjọ́ náà.

Èyí tó wá burú jù ni pé wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láti òpin ọ̀sẹ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ jáde, kí ojú wọn tó já a pé ìdíje kò sí mọ́. Àwọn òǹwòran hó lé wọn lórí, àwọn kan ju ìgò sójú pápá, ọ̀pọ̀ sì bá tiwọn lọ kí eré tó parí. Michael Schumacher gba ipò kìn-ín-ní, ìṣẹ́gun kan ṣoṣo tó ní lọ́dún náà, ṣùgbọ́n kò sí ariwo ayọ̀ lórí pèpéle. Tiago Monteiro ọmọ ilẹ̀ Potogí, tó gba ipò kẹta, nìkan ló yọ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí.

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùnúnlẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Michelin ṣèlérí láti dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, wọ́n sì tún ní àwọn yóò ra 20,000 tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje ọdún 2006 fún àwọn tó wá. Ó yẹ ká yìn wọ́n fún èyí. Ṣùgbọ́n Formula One kò pẹ́ ní Indianapolis mọ́. Lẹ́yìn ọdún 2007 ló kúrò níbẹ̀, Amẹ́ríkà kò sì rí irú rẹ̀ mọ́ títí di ọdún 2012, nígbà tó dé sí Austin.

Ǹjẹ́ wọ́n kọ́gbọ́n? Ní Spa, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 2021, àwọn ènìyàn jókòó sínú òjò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìwọ̀nba ìyípo díẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ààbò ni wọ́n rí, wọ́n sì pín ìdajì àmì fún àwọn awakọ̀ bí ẹni pé eré wáyé. Ní Las Vegas lọ́dún 2023, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni ìgbáradì àkọ́kọ́ fi wáyé kí ìdérí irin ojú títì tó ba ọkọ̀ Carlos Sainz jẹ́. Nígbà tí wọn yóò fi ṣe ìkejì lóru, wọ́n ti lé àwọn òǹwòran síta. Ìwé ìrajà 200 dọ́là ni wọ́n fún àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà nìkan, kì í ṣe owó wọn.

Lẹ́yìn ti Spa, wọ́n tún òfin àmì ṣe fún ọdún 2022. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n àtúnṣe awakọ̀ ni, kì í ṣe ti òǹwòran. Ohun tí olólùfẹ́ eré yìí ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé bí eré kò bá wáyé, owó yóò padà sápò ẹni tó san án. Bí ìṣòro bá sì dé, kí òǹwòran gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláṣẹ kí ó tó fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹgbẹ́ á lọ, táyà á yí padà, awakọ̀ á fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ń sanwó wọlé ló ń gbé eré náà ró, bí òun bá sì jókòó sílé, ọkọ̀ kan kò ní í jáde.