Ìbáwí: Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Po Oògùn Ọpọlọ Pọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti ní Pólì Adó, ẹ gbọ́. Ìdánwò ń bọ̀, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Choline bitartrate láàárọ̀, alpha-GPC lọ́sàn-án, citicoline lálẹ́. Ẹlòmíràn tún fi piracetam lé e, kí ìwé lè dúró sí i lórí. Dókítà wo ló kọ ọ́ fún yín?

Orúkọ ara ìgò ló yàtọ̀. Choline, èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ, ni mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ń dà nínú ara. Bí ẹni mẹ́ta bá bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ kan láìbéèrè lọ́wọ́ ara wọn, ta ni yóò jẹ ẹ́? Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ Amẹ́ríkà là kalẹ̀ ní 1998 ni 550 mílígíráàmù lójúmọ́ fún àgbàlagbà ọkùnrin, 425 fún obìnrin. Wọ́n ní kí àgbàlagbà kankan má kọjá 3,500. Ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, òógùn lè máa bò ó, kó máa bì, kí ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀, kí ara rẹ̀ sì máa rùn bí ẹja. Citicoline yẹn, ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni àwọn dókítà máa ń kọ ọ́ fún. Kí ló kan ọmọ ogún ọdún nínú rẹ̀?

Ohun tí ẹ ń wá wà nínú oúnjẹ. Ẹyin sísè kan ní choline tó bí i mílígíráàmù 147; ẹ̀dọ̀ màlúù jù ú lọ, ẹja àti ẹ̀wà sóyà náà ní in. Ẹ gbé owó ìgò yẹn lọ sí Ọjà Ọba, ẹ fi ra ẹyin. Ó dùn mí wọra pé ọmọ tí kò jẹun láti àárọ̀, tó ń kàwé mọ́jú lójoojúmọ́, èyí tí ẹ ń pè ní TDB, ló ń sọ pé ọpọlọ òun ti kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tí wọ́n ń kàwé tí kò yé wọn. "Brain fag" ni àwọn ọmọ náà ń pè é. Nígbà tí Dókítà Morakinyo ní Ifẹ̀ tún yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, àìsùn àti oògùn tí wọ́n fi ń lé oorun ló rí nídìí rẹ̀. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà jọ. Ẹ lé oorun lọ tán, ẹ wá ń ra ìrántí.

Ẹ má sì sọ fún mi pé àwọn baba wa lo ìsọ̀yè. Adáhunṣe tó ṣe é mọ ọmọ, ó mọ baba ọmọ, ó sì sọ iye tí yóò lá àti èèwọ̀ rẹ̀. Ta ló mọ̀ yín níbi tí ẹ ti ra tiyín? Nọ́ńbà NAFDAC pàápàá, ẹ kì í wò ó.

Ẹ̀yin òbí tó ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, tí ẹ ń halẹ̀ mọ́ ọmọ pé dandan ni fáàsì kíláàsì nítorí pé Èkìtì ni ilé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀bi yín pọ̀ jù tiwọn lọ. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó sùn.

Ẹni tí dókítà kò kọ ọ́ fún, kó dáwọ́ dúró lónìí. Ẹni tí òòyì ti ń kọ́, kó má fi òmíràn lé e. Kó lọ sí EKSUTH, ilé ìwòsàn Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, kó kó gbogbo ìgò náà dání, kó má fi ọ̀kankan pamọ́ fún dókítà.