Olè Kì Í Ṣe Iwin: Ọ̀nà Tí A Là Ni Ó Ń Gbà

Ẹ̀yin ará wa, bí olè bá ti jà ní àdúgbò kan, àjèjì ni a kọ́kọ́ máa ń nàka sí. A ó ní ẹni tí kò gbọ́ èdè wa ni ó ṣe é, a ó sì padà lọ sùn. Àṣìṣe ńlá ni èyí, àwa onílé ni a ó sì jìyà rẹ̀.

Ní ọdún 1942, Clifford Shaw àti Henry McKay tẹ ìwé kan jáde lórí ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn àdúgbò kan náà tí ó yí àárín ìlú ká ni ìwà ọ̀daràn àwọn ọ̀dọ́ ti ń pọ̀ jù, láti ọdún dé ọdún. Bí ẹ̀yà kan bá kó jáde, òmíràn a kó wọlé; ṣùgbọ́n ìwà ọ̀daràn kò bá ẹni tí ó kó jáde lọ. Ta ni ó wá jẹ̀bi, ẹ̀yà ni tàbí àdúgbò?

Ní ọdún 1981, Paul àti Patricia Brantingham ṣe àlàyé pé bí èmi àti ẹ̀yin ti ń rìn ni ọ̀daràn ń rìn: láti ilé dé ibi iṣẹ́, láti ibi iṣẹ́ dé ọjà àti ibi fàájì. Ibi tí ojú rẹ̀ ti mọ̀ ní ọ̀nà wọ̀nyí ni ó ti ń wá ohun tí yóò jí. Nítorí náà ni ìrìn rẹ̀ kì í fi í sábà jìnnà sí ilé, bí ó tilẹ̀ lè yẹra fún ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀, kí aládùúgbò má baà dá a mọ̀.

Ẹ wo Òṣòdì ní Èkó, níbi tí títì Agége àti títì Àpápá sí Oworonṣòkí ti pàdé, tí ojú irin sì kọjá. Ibi tí gbogbo ayé ń gbà, olè pẹ̀lú ń gbà á. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Èkó wó àwọn ìsọ̀ tí ó dí ojú ọ̀nà náà. Ọ̀nà là lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníṣòwò tí kò jalè rí pàdánù ibi oúnjẹ rẹ̀. Àtúnṣe ìlú kò gbọdọ̀ di ìyà aláìṣẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: kí iná máa tàn ní ibùdókọ̀ àti lábẹ́ afárá, kí a má ṣe fi kọ̀rọ̀ òkùnkùn sílẹ̀ láàrin ọjà àti ilé, kí àwọn ọlọ́pàá sì máa kọ ibi tí olè ti jà sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n dúró.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Àwa ni a mọ ògiri yìí. Ẹ jẹ́ kí a yé lé àlejò, kí a dí ẹnu ògiri.