Ta Ni Ó Mọ Orin?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùkọ́ orin wa fẹ́ràn láti máa sọ fún ọmọ ilé ìwé, pé ẹni tí kò bá lè ka dò, re, mí, fà, sọ̀ láti ara pátákó, kò mọ orin. Èmi tako ọ̀rọ̀ náà. Kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé àìmọ̀ọ́kà ni mo ń gbèjà, n kò ní mú ẹlẹ́rìí mi láti àárín àwọn onílù wa; ilẹ̀ àwọn òyìnbó tí ń tẹ ìwé orin ni n ó ti mú un wá.

Ní àwọn òkè Alps, ní Tyrol àti Styria ní ilẹ̀ Austria, àti ní Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì, abúlé púpọ̀ ni ó ní ẹgbẹ́ afọnfèrè idẹ ti ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá ni. Ó ní olùdarí, ó ní ìwé orin, aṣọ kan náà ni wọ́n sì ń wọ̀. Ṣùgbọ́n láti inú ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọn kò mú olùdarí, tí wọn kò sì gbé ìwé dání. Ẹni méjì a fọn Flügelhorn, tí í ṣe ìpè tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ẹlòmíràn a fọn trombone. Tuba a sì di ìsàlẹ̀ mú. Bí ó bá jẹ́ ti ijó, clarinet àti háàpù lè dara pọ̀ mọ́ wọn, Tanzlmusi ni wọ́n ń pè é ní Tyrol. Bí ó bá jẹ́ orin jẹ́jẹ́ tí a ń fi ẹnu kọ ni wọ́n gbé sí ẹnu fèrè, Weisenblasen ni.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni kìn-ín-ní ni ó gbé orin. Bí ó bá wà lórí sọ̀, ẹni kejì lè bọ́ sí mí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni kẹta sì gun dò ti òkè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Bí orin bá fẹ́ yí, tuba ti gbọ́, ó sì ti yí. Ẹni tí kò bá tẹ́tí sí ẹnìkejì rẹ̀ ti ba ti gbogbo wọn jẹ́. Mo bi yín, ẹ̀yin olùkọ́: mélòó nínú àwọn ọmọ tí ẹ ń fún ní máàkì tí ó ga jù ni ó lè ṣe é?

Kì í sì í ṣe àṣà tí ó ti wà láti ìgbà Nóà. Ìpè àtijọ́ kò lè mú ju ìwọ̀nba ohùn díẹ̀ jáde lọ. Ní 1818 ni Stölzel àti Blühmel gba àṣẹ ìjọba ní Berlin fún ohun kékeré kan tí ìka ń tẹ̀, tí ń mú ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú fèrè gùn sí i. Lẹ́yìn èyí ni ìpè tó lè tẹ̀lé orin ẹnu níbi gbogbo tí ó bá lọ.

Àwọn kan yóò wí pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀ a máa parun. N kò jiyàn. Ní 1819 àwọn ẹgbẹ́ olùfẹ́ orin ní Vienna ní kí a kó orin àwọn ará ìgbèríko jọ láti gbogbo ilẹ̀ ọba Austria, àwọn olùkọ́ ilé ìwé abúlé sì wà lára àwọn tí ó kọ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ta ni wọ́n ti gbọ́ wọn?

Àwọn mìíràn yóò wí pé orin ọ̀mùtí ni. Wọ́n ń fọn ọ́ nílé ọtí, n kò sẹ́. Ètè kan náà ni ó ń fọn ìpè lẹ́bàá ibojì, tí ó sì ń fọn ọ́ láti orí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ Kérésìmesì. Nígbà náà ni a ń gbọ́ Stille Nacht, orin tí gbogbo ìjọ wa mọ̀. Joseph Mohr, àlùfáà, ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Franz Xaver Gruber, olùkọ́ ilé ìwé ní Arnsdorf, ẹni bí ẹ̀yin, ni ó fi ohùn sí i. Ní Oberndorf ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ ní 1818, pẹ̀lú gìtá. Àwọn akọrin Zillertal gbé e kiri, ó dé New York ní 1839, àwọn ènìyàn sì gbàgbé ẹni tí ó ni ín, títí di 1854 tí Gruber fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí sílẹ̀. Ohùn tí ó wà nínú ìwé orin lónìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí Gruber kọ. Ẹnu àwọn akọrin ni ó yí i padà, òun gan-an ni ẹ sì fi ń dán ọmọ wò lórí pátákó.