Igbó Kì í Ṣe Àjẹsára

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́: pé àìsàn kì í tètè mú ẹni tó bá ń fa igbó. Bí ikọ́ bá dé, wọ́n á ní kó fà á díẹ̀. Bí ibà bá dé, wọ́n á ní kó fi sínú àgbo. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

THC ni èròjà inú igbó tó ń pa èèyàn bí ọtí. Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Ísírẹ́lì lọ́dún 1964. Ṣùgbọ́n ọpọlọ nìkan kọ́ ló ń bá ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1993, àwọn onímọ̀ ṣàwárí ibì kan tí THC lè so mọ́, CB2 lorúkọ rẹ̀. Ó pọ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara, àwọn tí a lè pè ní ọmọ ogun ara.

Bó bá so mọ́ wọn tán, ṣé "Ẹ dìde" ló ń sọ fún wọn? Rárá o, "Ẹ rọra" ni. Nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí sẹ́ẹ̀lì àti ẹranko, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ogun yìí ń rán síra wọn láti pe ogun jọ máa ń dín kù. CBD, ìkejì rẹ̀ tí kì í pani, náà máa ń dín ara wíwú kù.

A ò sọ pé kò lè wúlò láéláé. Ẹni tí ọmọ ogun ara rẹ̀ ń bá òun fúnra rẹ̀ jà lè nílò ohun tí yóò pẹ̀tù sí wọn nínú. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ta ní í ní kí ọdẹ àdúgbò lọ sùn lóru tí olè wọlé?

Èéfín rẹ̀ ń kọ́? Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ewé náà bá sì ti bu, ohun tó bu lára rẹ̀ lè dá àìsàn sí ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára, bí ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ.

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé "ara tù mí" yàtọ̀ sí "ara mi le". Abẹ́rẹ́ tó ń kọ́ ara ní ìjà là ń pè ní àjẹsára lónìí. Ẹ má gbé orúkọ náà fún ohun tó ń ní kí ara káwọ́ sẹ́yìn. Bí ikọ́ bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìwòsàn ìjọba ni kí ẹ gbà lọ fún àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni.