Ẹ Má Fi Ìpìlẹ̀ Ilé Sílẹ̀ ní Ìhòòhò



Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà títí dé Òkòkòmáìkò, òṣìṣẹ́ kì í kọ́lé lẹ́ẹ̀kan náà. Owó oṣù yìí a ra búlọ́ọ̀kù, ti oṣù tó ń bọ̀ a ra sìmẹ́ǹtì. Èyí kò burú. Ohun tó burú ni pé bí ìpìlẹ̀ bá ti yọ lórí ilẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ fún òjò ọdún méjì, mẹ́ta. Bí owó bá sì tún dé, ojú ilé ni a ń kọ́kọ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Èmi náà jẹ̀bi. Mo fi owó kọperétíìfù ṣe ọgbà àti géètì, mo ní bó bá yá n ó rẹ́ ìpìlẹ̀. Nígbà tí yóò fi di òjò kẹta, ọ̀dà yàrá ti ń bó, ìdí ògiri níta sì ti ń rún bí búrẹ́dì. Owó tí mo fi tún un ṣe ju èyí tí ǹ bá fi rẹ́ ẹ lọ.

Ilẹ̀ wa kò gba àìbìkítà. Ọ̀sà àti irà kò jìnnà sí wa. Búlọ́ọ̀kù sì ń fa omi sókè bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Bó bá jẹ́ iyanrìn etí òkun ni a fi ṣe é, iyọ̀ inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ògiri gbẹ, yóò sì máa jẹ irin inú kọnkéré. Òjò tó ń rọ̀ láti oṣù 4 dé oṣù 7, tó tún ń padà wá ní oṣù 9 àti 10, ń gbẹ́ iyanrìn ẹsẹ̀ ògiri lọ.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, nítorí òtútù, wọ́n máa ń lẹ fóòmù mọ́ ìpìlẹ̀ ilé. Síbẹ̀ wọn kì í fi fóòmù náà sílẹ̀ lásán, torí oòrùn ń jẹ ẹ́, kòkòrò sì ń gbẹ́ ẹ. Wọn a na wáyà sí i, wọn a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ń bo ohun tí wọ́n fi bo ìpìlẹ̀, kí ni ti àwa tí a kò bo búlọ́ọ̀kù rárá?

Ìmọ̀ràn mi kò le. Ẹ fi kọnkéré dí ihò búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀rá nínípọn kí ẹ tó da ilẹ̀ tí àwọn bíríkìlà ń pè ní Jámánì fúlọ̀. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 1 sí iyanrìn odò ìwọ̀n 4 rẹ́ ìpìlẹ̀ níta láti ìsàlẹ̀. Ẹ da kọnkéré ẹsẹ̀ bàtà 2 yí ilé ká, kí ó dagẹ̀rẹ̀ síta, kí omi òrùlé má baà dúró nídìí ògiri.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ kan fún kọperétíìfù ẹ̀ka wa: ẹ máa yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó ilé ní ìpele-ìpele. Kí ẹ fojú rí ìpìlẹ̀ tó ti rẹ́ kí ẹ tó fún un ní owó òrùlé. Àwọn kan yóò ní a ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ilé onílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Gírátúítì òṣìṣẹ́ kò tó kọ́ ilé kan lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ilé ni àlejò ń yìn. Ìpìlẹ̀ ni ọmọ ń jogún.