Ẹ Má Dá Aboyún Dúró Lọ́nà

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 1:15-21

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, kò sí ìjọ kan nílẹ̀ Yorùbá tí a kì í ti í gbàdúrà fún aboyún pé yóò bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ibi tí a ti mú un dáadáa. Àwọn obìnrin náà ní agbẹ̀bí. Ìwé Ẹ́kísódù kò dárúkọ Fáráò, ṣùgbọ́n ó dárúkọ agbẹ̀bí méjì, Ṣífúrà àti Púà, nítorí pé wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n sì dá ẹ̀mí àwọn ọmọ sí.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, arábìnrin kan nínú ìjọ mi wá bá mi pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, orí sì ń fọ́ ọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà. Mo ní kí a kọ́kọ́ fi ọjọ́ mẹ́ta gbàdúrà, pé abẹ kì í ṣe ìpín ọmọ Ọlọ́run. Ní òru ọjọ́ kejì, gìrì mú un. Ìyá yè, ọmọ kú. Àwọn àgbà ìjọ ń tù wọ́n nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ṣùgbọ́n èmi mọ ọwọ́ tí ó da omi náà nù.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó lọ béèrè ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ dókítà. Àìsàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oyún bá ti pé ogún ọ̀sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ aboyún a ru dé 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí lè máa fọ́ ọ láìdáwọ́ dúró, ojú rẹ̀ lè máa ṣú, òkè ikùn lè máa ro ó. Nígbà mìíràn, kò ní mọ nǹkan kan lára. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ wò nígbà gbogbo tó bá lọ fún àyẹ̀wò. Àfi kí ọmọ àti ibi ọmọ jáde kí àìsàn náà tó lọ, dókítà tó mọ̀ nípa oyún ló sì lè mọ ọjọ́ tó yẹ. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní magnesium sulphate. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2002, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú obìnrin tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, fi hàn pé ó ń dín ewu gìrì kù ní ìdajì. Kò sí èyí nínú ìgò òróró wa.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 82,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà ní ọdún 2020 nìkan. Ta ni yóò ka iye àwọn tí a dá dúró lọ́nà?

Àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mẹ́tọ́díìsì ṣe é ní Iléṣà. Wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùṣọ́ àgùntàn, ẹ jẹ́ kí a yéé fi iṣẹ́ abẹ ṣe ìtìjú lórí pẹpẹ. Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ọkọ, ẹni tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún, abiyamọ tòótọ́ ni. Ẹ̀yin ìyá agbẹ̀bí inú ìjọ, bí ẹ bá ti rí àmì wọ̀nyí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ya owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ fún aboyún tí kò ní. Kí a sì máa gbàdúrà nínú ọkọ̀ bí a ti ń lọ.

Olúwa tó kọ́ ilé fún Ṣífúrà àti Púà yóò gbọ́ ti àwọn aboyún wa. Kò ní fi ẹ̀jẹ̀ wọn bi wá. Àmín.