Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n àti Dókítà Tí Wọ́n Dè Mọ́ Àga

Fídíò jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo ti wà kí ìjọba Nàìjíríà tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà ti fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, tọkàntọkàn ni àwọn èèyàn fi ń wò ó. Gílóòbù ń tàn, fáànù ń yí, ọkùnrin kan tí òógùn ti bò ń fi ọwọ́ hàn wá pé kò sí táǹkì epo lára ẹ̀rọ òun, kò sì sí wáyà NEPA. Jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo nìyẹn. Nísàlẹ̀ fídíò, àwọn kan á máa bẹ ìjọba pé kí wọ́n dìde ràn án lọ́wọ́ kí òyìnbó tó jí i gbé. Àwọn tó kù á ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Òwe kan wà tó bá igun méjèèjì wí: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àgbà la sábà máa ń pa á fún. A ń sọ fún un pé kó má dá gbọ́n, kó fetí sí ohun tí ọmọdé àti àlejò mọ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ má baà sọ ọ́ di ẹni ẹ̀sín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú méjì ni òwe náà ní, nítorí àwa tí a fẹ́ pe èèyàn ní wèrè náà yẹ ká kọ́kọ́ yá ọgbọ́n lò. N kò mọ ìtàn tó fi ojú méjèèjì hàn tó ti Julius Robert Mayer, dókítà ará Jámánì.

Heilbronn, ìlú kan létí odò Neckar, ni wọ́n bí i sí ní 1814. Apòògùn ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó tó ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, ó ṣe àgbá kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí omi ń yí, ó sì so ẹ̀rọ mọ́ ọn tí yóò máa fa omi yẹn padà sókè, kó lè tún sàn wálẹ̀ wá yí kẹ̀kẹ́. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, èrò rẹ̀ ni pé kò ní dúró mọ́ láé. Ó dúró. Jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo ni Mayer kọ́kọ́ ṣe láyé rẹ̀, òfin tó sì pa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rẹ́ ló wá fi àgbà ṣe.

Ó ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Tübingen. Wọ́n tì í mọ́lé níbẹ̀ nítorí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìjọba kà léèwọ̀, ó sì kọ oúnjẹ. Olóríkunkun ni láti kékeré. Ní 1840 ó gba iṣẹ́ dókítà nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Họ́láńdì tó ń lọ sí erékùṣù Java, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Indonéṣíà lónìí.

Ní Surabaya, àìsàn kọlu àwọn atukọ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn dókítà ìgbà náà, Mayer sín wọn ní gbẹ́rẹ́ sí iṣan apá láti da ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà lọ sọ́kàn máa ń ṣú díẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọkàn bọ̀ ló máa ń pọ́n fòò. Èyí tó ṣàn jáde yìí pọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àyà rẹ̀ fi já: ó rò pé iṣan tí kò yẹ lòun gé. Ó bi àwọn dókítà tó ti pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀, bó ṣe máa ń rí ní ilẹ̀ olóoru nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá gba ìdáhùn yẹn, kí wọ́n sì lọ sùn. Mayer bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Oúnjẹ ni ara ń dáná sun kó lè móoru, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ló sì fi ń sun ún. Níbi tí oòrùn ti mú, ara kò nílò iná púpọ̀, ọ́síjìn á ṣẹ́ kù, ẹ̀jẹ̀ á pọ́n. Ṣùgbọ́n èèyàn tún ń ti ẹrù, ó ń fa okùn, ohun tó ń fọwọ́ rà á sì ń gbóná. Ibo ni ìgbóná yẹn ti wá, bí kì í bá ṣe inú oúnjẹ kan náà? Atukọ̀ kan tún ti sọ fún un pé omi òkun tí ìjì bá rú máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ ju èyí tó dákẹ́ rọ́rọ́ lọ. Ó di gbogbo rẹ̀ pọ̀: iṣẹ́ àti ooru, agbára kan náà ni wọ́n. Ó ń pààrọ̀ ìrísí, kì í run, kò sì sí ẹni tó lè dá a láti inú òfo.

Nígbà tó padà délé ní 1841, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Poggendorff tó ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ìmọ̀ físíìsì. Poggendorff kò dá a lóhùn rárá. N kò lè dá ọkùnrin náà lẹ́bi jù, nítorí àṣìṣe ìṣirò wà nínú ohun tó kọ.

Ẹ wo ohun tí Mayer ṣe. Kò lọ kígbe lọ́jà pé wọ́n ń jowú òun. Ó tọ Carl Baur lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ ìṣirò, pé kó kọ́ òun. Ó tún lọ bá Jolly, onímọ̀ físíìsì ní Heidelberg. Jolly ní bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé omi tí a bá gbọ̀n gbọdọ̀ gbóná. Mayer kò fèsì. Ó dìde, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹnì kan já wọlé tọ Jolly wá, ó ń fi èdè ìlú rẹ̀ pariwo pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Jolly tó mọ ẹni tó jẹ́ àti ohun tó ń sọ. Ó ti lọ gbọn omi.

Ní oṣù Karùn-ún 1842, ìwé ìròyìn kẹ́míkà tí Justus Liebig ń ṣe olóòtú rẹ̀ gbé iṣẹ́ náà jáde. Mayer ní agbára tí ẹrù kan fi ń jábọ́ láti òkè tó ga tó nǹkan bíi mítà 365 lè mú omi tó wúwo tó o fi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì kan ṣoṣo gbóná sí i. Mítà bíi 427 la mọ̀ lónìí. Èrò rẹ̀ tọ̀nà. Àwọn nọ́ńbà tó bá nílẹ̀ nípa ooru inú afẹ́fẹ́ ni kò péye.

Ẹ wá gbé òfin yẹn lé jẹnẹrétọ̀ inú fídíò lórí. Bátìrì ń yí mọ́tò, mọ́tò ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná wá, iná náà ń padà wá ṣáàjì bátìrì, wọ́n sì ní ìyókù ló ń tan gílóòbù. Fọwọ́ kan mọ́tò yẹn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti gbóná. Tẹ́tí sí i, ó ń kùn. Bẹ́líìtì ń ha, wáyà ń móoru. Gbogbo ìgbóná àti ariwo yẹn, inú bátìrì ni wọ́n ti jáde, wọn kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Ohun tó ń padà kò lè tó ohun tó jáde, ká má tíì wá sọ pé yóò ṣẹ́ kù fún fáànù. Iná tí wọ́n ti fi sínú bátìrì kí wọ́n tó tan kámẹ́rà ni gílóòbù ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí fídíò kì í fi í gùn. Láti 1775 ni Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjìnlẹ̀ Sáyẹ́ǹsì ti Faransé ti ní àwọn kò gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò mọ́.

Sólà kò sí nínú èyí. Ó ní epo tirẹ̀, oòrùn ni. Mayer alára kọ ọ́ ní 1845, nínú ìwé tó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀, pé ewéko ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn pamọ́, òun la sì ń rí lò nínú oúnjẹ àti igi ìdáná.

Oníjìbìtì wà lára àwọn onífídíò o, wọ́n ń gba owó àsansílẹ̀ kiri. Àmọ́ èmi gbà pé olóòótọ́ èèyàn tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn mìíràn nínú wọn. Ibi tí Mayer ọmọ ọdún mẹ́wàá wà ni wọ́n wà. Jolly ni wọn kò ní, ẹni tí yóò ní: gbé gílóòbù 100 wáàtì kan lé e, fi í sílẹ̀ títí di ọ̀la, ká jọ padà wá wò ó. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn kò ṣe wọ́n lóore kankan.

Ojú kejì òwe náà wá kù. Joule, onímọ̀ físíìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó fi ìdánwò tó péye wọn ohun kan náà, kò gbà pé Mayer ló ṣáájú. Helmholtz, dókítà ará Jámánì bíi tirẹ̀, kọ̀wé lórí òfin kan náà ní 1847, kò dárúkọ rẹ̀. Ní 1848, ọmọ rẹ̀ méjì kú tẹ̀léra. Lọ́dún kejì, ìwé ìròyìn kan fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba. Ní oṣù Karùn-ún 1850, lẹ́yìn òru tí kò sùn, ó bẹ́ láti ojú fèrèsé. Kò kú, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Àìsàn ọpọlọ ṣe é lóòótọ́, ó sì tọ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú ọ̀hún ni wọ́n fi dè é mọ́ àga nílé àwọn alárùn ọpọlọ, ó sì di 1853 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn tó gbọ́ pé ó ya wèrè rí kò tún ka ìwé rẹ̀ mọ́. Ní 1858, Liebig fúnra rẹ̀, ẹni tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, sọ ní gbangba pé ó ti kú, nígbà tí ọkùnrin náà ń rìn ní Heilbronn.

John Tyndall, onímọ̀ físíìsì, ló tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ orúkọ wèrè yẹn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí agbára ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1862, ó sì kọ̀wé sí Clausius, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ooru ní ayé ìgbà náà, pé kó bá òun wá ìwé Mayer. Clausius fèsì pé Tyndall kò ní rí nǹkan gidi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó fi àwọn ìwé náà ránṣẹ́, ó kà wọ́n. Ló bá tún kọ lẹ́tà mìíràn láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó ní ẹnu ya òun sí bí èrò inú wọn ti dára tó. Clausius kò sọ pé òun ti sọ̀rọ̀ tán, ó kàwé, ó sì yí ohùn padà, n kò sì mọ ẹlòmíràn nínú ìtàn yìí tí òwe wa bá mu tó bẹ́ẹ̀.

Tyndall sọ̀rọ̀ náà, ó gbé Mayer síwájú, inú sì bí àwọn ọ̀rẹ́ Joule. Méjì nínú wọn, William Thomson àti Tait, kọ̀wé ta kò ó, ìjà náà sì ran. Royal Society fún Joule ní àmì-ẹ̀yẹ Copley ní 1870. Nígbà tó di 1871, wọ́n fún Mayer ní tirẹ̀.